Gold Dagger àbí Edgar: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Ní Tanke, níbi tí àwọn tó ń ta ìwé tòkúnbọ̀ máa ń tẹ́ tapólì sí lẹ́bàá títì, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í wọ́n. Wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn bí ẹni to iṣu. Ẹ ó rí èyí tí ọ̀bẹ wà lára èèpo rẹ̀, ẹ ó rí èyí tí obìnrin kan kọ̀yìn síni nínú kùrukùru. Lára púpọ̀ nínú wọn, wọ́n á fi àwọ̀ wúrà kọ ọ́ pé ìwé náà gba àmì-ẹ̀yẹ. Orúkọ méjì ni mo máa ń rí jù níbẹ̀: Gold Dagger ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Edgar ti Amẹ́ríkà. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ìwé kan lọ á wá dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì.

Èmi náà ti dúró bẹ́ẹ̀ rí. Ìlọrin ni mò ń gbé, Ọ̀fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ ni mo sì ti ń kàwé. Láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ariwo èrò kì í jẹ́ kí n rí nǹkan gidi kà. Láti Àjàṣẹ́ dé Ọ̀fà, tí oorun bá ti ń gbé wọn, mo lè ka odidi orí kan. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe é. Mo ti ra èyí tó gba Gold Dagger, mo ti ra èyí tó gba Edgar, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì ti mú mi náwó ní ìnákúnàá. Nítorí náà, kí ẹ tó tọwọ́ bàpò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi ná.

Mi ò ní máa ki oríkì wọn. CWA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí John Creasey dá sílẹ̀ ní 1953, ló ni Gold Dagger. Winston Graham ló kọ́kọ́ gbà á ní 1955, ṣùgbọ́n Crossed Red Herring ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn; 1960 ló tó di ọ̀bẹ wúrà, Lionel Davidson sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún lórúkọ tuntun yẹn. MWA, ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi sọ orúkọ tiwọn, ère orí Poe náà ni ẹni tó bá gbà á máa ń gbé lọ sílé. Láti 1954 ni wọ́n ti ń fún ìwé ìtàn tó dára jù lọ lọ́dún. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn onídàájọ́ kì í lọ sí Tanke lọ ra ìwé. Ìwé ọdún kan ni wọ́n ń kó síwájú wọn, èyí tó bá dùn jù nínú ti ọdún yẹn ni wọ́n á mú. Bí òǹkọ̀wé kan bá ti ń kọ nípa ọlọ́pàá kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́wàá, tó wá jẹ́ ìwé kẹjọ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù, ìwé kẹjọ ni wọ́n á dá lọ́lá. Kò sí àṣìṣe ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo dúró lórí títì pẹ̀lú ₦2,500, mi ò mọ ọlọ́pàá náà rí. Mi ò mọ ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, mi ò mọ ọ̀gá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, mi ò sì mọ ẹni tó kú ní ìwé kẹrin tí gbogbo wọn ṣì ń sunkún rẹ̀ ní ìkẹjọ.

Ohun tí mò ń sọ máa yé ẹni tó bá ti ka Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Nínú Àjà Ló Lẹrù la ti kọ́kọ́ mọ Lápàdé, kí a tó tún pàdé rẹ̀ nínú Àgbàlagbà Akàn. Ẹ wá wò ó bí ẹnì kan bá gbé ìwé kẹjọ nípa Lápàdé fún àlejò tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tó ní, "Gbà, kà á, èyí ló gba ẹ̀bùn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Ìwé tí mo rà ni The Honourable Schoolboy ti John le Carré, tó gba Gold Dagger ní 1977. Mo mọ òǹkọ̀wé náà dáadáa, tàbí kí n sọ pé mo rò bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kékeré, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà, fi àpótí ìwé kan sílẹ̀ kó tó kú, inú rẹ̀ ni mo ti rí The Spy Who Came in from the Cold. Ìyẹn gba Gold Dagger ní 1963, ó gba Edgar ní 1965. Ní 2005, tí àmì-ẹ̀yẹ ọ̀hún pé 50 ọdún, CWA tún yàn án pé òun ló lékè gbogbo àwọn tó ti gbà á rí. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ lè kà á tán láàárín ọjọ́ Àìkú sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ò sì nílò ìwé kankan ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rí orúkọ le Carré lórí tapólì, tí mo rí ọ̀bẹ wúrà lábẹ́ rẹ̀, tí mo sì sanwó láì wẹ̀yìn wò rárá. Ìwé náà ki bí búrẹ́dì aláṣọ méjì. Inú mi dùn.

Nígbà tí mo ṣí i, àfi bí ẹni tó wọ ìpàdé mọ̀lẹ́bí lọ́jọ́ kẹta ìjà. Ilé iṣẹ́ amí London ti dojú rú. Ọ̀dàlẹ̀ kan ti wà láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti mú un, Smiley, ọ̀gá wọn tuntun, ló wá ń tún ilé tó wó náà kọ́. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ "ìṣubú" yẹn, wọ́n ń ṣẹ́jú síra wọn, èmi nìkan ni mi ò mọ ohun tó ṣubú. Mo bá mú ìwé àkọsílẹ̀ tí ọmọ mi ò lò tán, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀: orúkọ ní ọ̀tún, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ní òsì. Nígbà tó di ojú ìwé kejì tí mo kọ kún, ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé àwọn tó jẹ yín lówó ni ẹ ń kọ orúkọ wọn ni?" Mi ò dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó lórí fóònù pé ìwé yìí ni ìkejì nínú mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni Tinker Tailor Soldier Spy, ìkẹta ni Smiley's People. Mo wá àkọ́kọ́ náà ní Tanke, mo wá a ní Post Office, mo wá a títí dé Taiwo. Kò sí. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ọ̀rẹ́ mi kan tó rí i ní Ìbàdàn. ₦2,000 ni ìwé, ₦1,500 ni waybill. Mo lọ gbà á ní gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá dúdú wé e bí wàrà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dùn mí jù. Tinker Tailor jẹ́ ìwé tí gbogbo adùn rẹ̀ wà nínú ìbéèrè kan: nínú àwọn ọ̀gá amí wọ̀nyí, ta ni ọ̀dàlẹ̀? Odidi ìwé ni Smiley fi ń wá a. Ìwé kejì, èyí tó gba ẹ̀bùn, èyí tí mo ti kọ́kọ́ kà, ti dárúkọ ọ̀dàlẹ̀ náà tipẹ́, ó pè é ní gbangba bí ẹni pe orúkọ ọjà. Mo wá jókòó ti ìwé ₦3,500 bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù àná tó ti gbọ́ iye góòlù ní mọ́sáláṣí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ₦6,000 ni mo fi ra ìwé méjì tí ọ̀kan ti ba ìkejì jẹ́. Bí mo bá ra àkọ́kọ́ kí n tó ra ìkejì, owó kan náà ni ǹ bá ná, ìgbádùn rẹ̀ ì bá sì jẹ́ ìlọ́po méjì.

Láti ìgbà yẹn, kí n tó ra ìwé alámì-ẹ̀yẹ kankan, ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ béèrè. Gold Dagger ni mo sì ti rí i tó máa ń dá àwọn ìwé àárín lọ́lá jù. Black and Blue ti Ian Rankin, tó gbà á ní 1997, ìwé kẹjọ ni nínú ti Rebus, ọlọ́pàá rẹ̀. Colin Dexter gbà á lẹ́ẹ̀mejì fún Morse, ọlọ́pàá tirẹ̀, ní 1989 pẹ̀lú ìkẹjọ, ní 1992 pẹ̀lú ìkẹwàá. (Ti 1989, tí Morse ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó ń tú ìdí ìpànìyàn ayé ọjọ́un, ẹ lè kà á nìkan, ti ìkejì ni mi ò bá yín dá lẹ́jọ́.) Patricia Cornwell, 1993: ìkẹrin. Henning Mankell, 2001: ìkarùn-ún. Mick Herron, 2013: Dead Lions, ìkejì, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láì ka Slow Horses. Ray Celestin, 2022: ìkẹrin nínú mẹ́rin, ìyẹn ni pé ẹ dé ibi ìyàwó nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ àga mọ́.

Ẹ wo ti Edgar. The Day of the Jackal ti Frederick Forsyth, 1972: ó dá dúró. Eye of the Needle ti Ken Follett, 1979: ó dá dúró. Djinn Patrol on the Purple Line ti Deepa Anappara, 2021: ó dá dúró. Five Decembers ti James Kestrel, 2022: ó dá dúró. Ìgbà tí wọ́n bá tún wá mú ìwé olọ́wọ̀ọ́, wọ́n máa ń ní orí ire láti mú àkọ́bí: Stephen King ní 2015, Attica Locke ní 2018, Walter Mosley ní 2019, ìwé kìíní ni ti gbogbo wọn. Ẹ lè ra ọ̀kan lónìí, kí ẹ kà á lọ́la, kí ẹ má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Kí n má bàa purọ́, Edgar náà ti ṣe é rí. The Laughing Policeman, ti tọkọtaya ará Sweden nì, tó gbà á ní 1971, ìkẹrin ni nínú mẹ́wàá. Gold Dagger náà sì ní àwọn àkọ́bí tó dára. Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún èèyàn ni The Steam Pig ti James McClure, tó gbà á ní 1971. Gúúsù Áfíríkà lábẹ́ ìjọba apartheid ló ti ṣẹlẹ̀. Kramer jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun, Zondi jẹ́ sájẹ́ǹtì ọmọ Súlù. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọn ò lè jọ jókòó jẹun ní gbangba. Ìwé kìíní wọn nìyẹn. Raven Black ti Ann Cleeves, The Dry ti Jane Harper, The Puppet Show ti M. W. Craven, ìwé kìíní nínú ọ̀wọ́ wọn ni gbogbo wọn náà. Ẹ ríi, mo ń gbìyànjú láti má ṣe ojúsàájú.

Ohun tó tún máa ń tan èèyàn ni ohun tí wọ́n kọ sára èèpo gan-an. Mo ti fi èékánná họ ìlẹ̀mọ́ wúrà kan rí láti wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ṣeé ṣí, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má kan wo àwọ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé ló gba Gold Dagger, ìwé mìíràn ni ó fi gbà á. Bí ó bá jẹ́ Diamond Dagger, ìwé kankan kò gbà á: iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé ni wọ́n ń fi ìyẹn yìn, láti 1986. Silver Dagger jẹ́ ti ẹni tó ṣe ìkejì láyé ìgbà kan. Steel Dagger jẹ́ ti ìtàn amóríwú, wọ́n sì fi orúkọ Ian Fleming sọ ọ́. Ti John Creasey jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé àkọ́kọ́. Àti pé láti 2006 sí 2008, báǹkì kan gbé owó sílẹ̀, £20,000, Gold Dagger bá ń jẹ́ Duncan Lawrie Dagger. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí Raven Black ti 2006 pẹ̀lú orúkọ tí ẹ ò mọ̀. Ọmọ kan, orúkọ mẹ́ta. Lọ́dọ̀ Edgar, ti òǹkọ̀wé tuntun wà, ti ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ wà, Grand Master sì wà fún àwọn àgbà, èyí tí Agatha Christie kọ́kọ́ gbà ní 1955. Ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó láti da orí èèyàn rú.

Àwọn tó fẹ́ràn ìwé àwọn ará Sweden àti Iceland, ẹ fọkàn sí èyí: títí dé 2005, ìwé tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lè gba Gold Dagger, Mankell gbà á, Arnaldur Indriðason náà gbà á. Láti 2006 ni wọ́n ti ya tiwọn sọ́tọ̀.

Ọdún: Edgar ti ọdún yìí, ìwé èṣí ni. Ìwé tó bá sì kọ́kọ́ jáde ní London ní láti dúró di ìgbà tí Amẹ́ríkà bá tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé Dick Francis kan fi gba Gold Dagger ní 1979, tó wá gba Edgar ní 1981.

Ìwọ̀n: ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kí òjò máa rọ̀, kí ọlọ́pàá máa mu ọtí, kí ó máa ronú. Ti Amẹ́ríkà ń sáré. Inú ọkọ̀ tó ń bọ́ sínú kòtò, èyí tó ń sáré ló dára.

Rírí rà: bákan náà ni. Ohun tí àwọn tó ń kó ìwé wọlé bá kó wá láti òkè òkun, òun la máa rí.

Nígbà tí mo ti dárúkọ Dick Francis, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ìlú tí kò léegún, tó jẹ́ ẹṣin leégún ilé baba yín, ẹ̀yin ni wọ́n kọ ìwé ọkùnrin yìí fún, wọn ò kàn mọ̀ ni. Ẹlẹ́ṣin ni kó tó di òǹkọ̀wé. Òun ló borí gbogbo àwọn tó ń gun ẹṣin ìdíje afòdí ní sáà 1953 sí 1954. Ní 1956, ẹṣin ìyá Ọbabìnrin, Devon Loch, ló gùn nínú ìdíje ẹṣin Grand National. Ó ti ṣíwájú gbogbo wọn, ó kù díẹ̀ kó dé òpin, ẹṣin náà ṣàdédé fi ikùn lélẹ̀. Títí dòní, wọn ò tíì fẹnu kò lórí ohun tó ṣe é. Ọkùnrin tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kò sí bí kò ṣe ní mọ bí a ti ń kọ ìtàn àdììtú.

Edgar mẹ́ta ló gbà fún ìwé tó dára jù lọ: Forfeit ní 1970, Whip Hand ní 1981, Come to Grief ní 1996. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àpótí bàbá mi kékeré, ìkẹta ni ó kà gbẹ̀yìn. Whip Hand ni kí ẹ wá. Sid Halley ti gun ẹṣin ìdíje rí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ bàjẹ́, ọwọ́ oníná ni wọ́n fi sí i, ó wá di atọ̀pinpin. Àwọn ẹṣin tí gbogbo ayé fọkàn tán ń já wọn kulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí. Nígbà tí ọ̀tá kan bá na ìbọn sí ọwọ́ ọ̀tún tó kù fún un, ẹ ó gbàgbé ibi tí ẹ ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo gbàgbé. Awakọ̀ ló jí mi.

Ẹnì kan á sọ pé, "Ṣé Whip Hand kọ́ ni ìwé kejì nípa Halley?" Òun ni. Odds Against ló ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Francis mọ ìwà ọmọlúàbí: láàárín ojú ìwé díẹ̀, ó ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀, kò sì ba ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ fún yín. Wọ́n á tún sọ pé òun náà gba Gold Dagger. Ó gbà á, lóòótọ́. Èmi ń kà á mọ́ ti Edgar.

Ti Deepa Anappara náà, mo fẹ́ kí ẹ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló ń sọ ìtàn náà, ní àdúgbò àwọn tálákà nínú ìlú ńlá kan ní Íńdíà. Àwọn ọmọdé ń sọnù. Àwọn òbí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ń wo ọwọ́ wọn kó tó wo ojú wọn. Mo ka ibẹ̀ mo ní kí ni Íńdíà ń ṣe tí a ò ṣe. Attica Locke, ti 2018, kọ Bluebird, Bluebird nípa ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú ní Texas: òkú méjì ní abúlé kékeré kan, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú láti Chicago àti obìnrin aláwọ̀ funfun ọmọ ibẹ̀, gbogbo abúlé sì ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ bi léèrè jù. Forsyth, ti Jackal, jẹ́ akọ̀ròyìn tó wà ní Bìáfíírà nígbà ogun. Ohun tó bá kọ nípa ìbọn, ojú rẹ̀ ló rí i. Nínú Jackal, gbogbo yín ti mọ̀ pé wọn ò rí de Gaulle, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, pa. Ẹ ó ṣì máa ṣí ojú ìwé bí ẹni tí iná ń jó ní ìka.

Kò ha sí tiwa? Oyinkan Braithwaite fi My Sister, the Serial Killer, tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó, gba ẹ̀bùn ìtàn ọ̀daràn ti Los Angeles Times ní 2019, ó gba ti British Book Awards ní 2020. Kò gba ọ̀bẹ, kò gba Poe. Bí ẹ bá rí i, ẹ rà á láì bi mí. Ìwé kékeré ni, ó sì dá dúró.

Ó kù kí n sọ ti àyẹ̀wò. Ìwé tòkúnbọ̀ ni à ń rà, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kì í ṣe iwájú, ẹ̀yìn. Ìwé oúnjẹ tí ojú ewé mẹ́rin bá jábọ́ nínú rẹ̀ ṣì lè se ọbẹ̀ fún yín. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ojú ewé mẹ́rin ìgbẹ̀yìn bá sọnù, apànìyàn náà ti bá a lọ. Ẹ tún wo nọ́ńbà ojú ìwé bóyá ó fò. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ ti pẹ́ jù, ẹ rín sí i, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ.

Ìdájọ́ mi rèé, mo sì ti gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ní sùúrù, tí ẹ ní ìbátan ní Ìbàdàn tàbí Èkó tó lè bá yín wá ìwé, tí ẹ sì fẹ́ bá atọ̀pinpin kan gbé fún ọdún púpọ̀, Gold Dagger dára, ẹ mú u. Ẹ kàn má bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó gbà á. Ẹ wá àkọ́bí, kí ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá dé orí èyí tó gba ọ̀bẹ, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi fún un. Ruth Rendell nìkan ni mo yọ sílẹ̀: mẹ́rin ló gbà, méjì nínú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Barbara Vine, ẹ sì lè gbé A Fatal Inversion ti 1987 láì mọ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé kan ni owó yín ká, tí ẹ fẹ́ kà á tán kí ìsinmi tó tán, Edgar ni. Ẹni méjèèjì ló ní tiẹ̀. Èmi kàn ní kí n sọ pé nínú ìwé mẹ́tàdínlógún tó wà lórí pákó mi, mẹ́tàlá jẹ́ ti Edgar, kò sì sí ẹni tó fi dandan mú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo tún kọjá ní Tanke. Alfa tó ń tàwé níbẹ̀ ti mọ̀ mí. Mo gbé ìwé kan sókè, mo ní, "Alfa, ṣé ìwé yìí dá dúró?" Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá, ìwé ni. Kí ló tún fẹ́ dúró lé?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rí The Honourable Schoolboy lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tèmi ni. Mo ti fún un ní pàṣípààrọ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ojú ibi tí mo ti fi èékánná họ ọ̀bẹ wúrà náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ti di ₦4,000 báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ó ṣì wà níbẹ̀ di àná. Àkọ́kọ́ rẹ̀ wà nílé mi, mi ò tà á, mi ò sì ń yáni.